Ìjàpá, Ẹmọ́ àti Agbọ́n Tí Kò Lóró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ tún un gbà, ohùn yín ò ròkè. Ṣé oúnjẹ lẹ jẹ ni àbí òwú? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ilé kan ń bẹ, ó ní ogójì yàrá, kò ní òpó kan ṣoṣo. Wọ́n so ó kọ́ sára ẹ̀ka, onílé ò já bọ́. Kí ni o?

Ilé agbọ́n!

Ọmọ dáadáa ni yín. Ó dáa, àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, kò bà sórí ọba, kò bà sí èjìká ìjòyè; imú Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló lọ bà sí, ibẹ̀ náà ló sì wú sí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àlọ́ yìí kì í ṣe ti Ìjàpá nìkan. Ti Ẹmọ́ ni, ẹranko kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n ní kó sá tí kò sá. Bí ẹ bá rí i pé inú ń bí mi bí mo ti ń pa á, ẹ má dá mi lẹ́kun. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń pa àlọ́ yìí ni inú máa ń bí mi.

Láyé ijọ́un, àwọn ẹranko mẹ́rin kan dá àáró sílẹ̀: Ìmàdò, Ehoro, Ìjàpá àti Ẹmọ́. Ṣé ẹ mọ àáró? Òní, gbogbo wa á lọ kọ ebè lóko tèmi. Ọ̀la, gbogbo wa á lọ sí tìrẹ. Ẹni tó bá kàn ni yóò se oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó ń gbowó, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ iṣẹ́ ẹnìkejì gbé. Ìmàdò ni olórí wọn, torí òun ló dàgbà jù, ọrùn rẹ̀ sì ki.

Ìjàpá ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tòun. Wọ́n ṣe tirẹ̀, igba ebè gbáko. Ó kan Ìmàdò, Ìjàpá ní ẹ̀yìn ń dun òun.

"Ẹ̀yìn wo?" ni Ehoro bi í.

"Ẹ ò rí bó ṣe le gbagidi ni?"

Ó kan Ehoro, Ìjàpá ní àna òun kú. Àna tó ti kú lọ́dún tó kọjá ni o! Ó wá ku Ẹmọ́ nìkan.

Opó ni Ẹmọ́ yìí. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì fi ọmọ márùn-ún sílẹ̀ fún un. Apẹ̀rẹ̀ èbù iṣu mẹ́ta ló kù nínú ilé, èbù náà sì ti ń hù. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí èbù wọ̀nyẹn ò bá wọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n á jẹrà. Bí wọ́n bá sì jẹrà, ọmọ márùn-ún ni kò ní rí iṣu jẹ lọ́dún náà. Ojoojúmọ́ ni Ẹmọ́ ń ṣí apẹ̀rẹ̀ wò, tó ń fọwọ́ kan èbù kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti ń rọ̀.

Ìjàpá ní tiẹ̀ ò fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ́ lóko ẹnikẹ́ni. Èyí tó tún burú jù ni pé ó ti fojú sí àkùrọ̀ kan létí odò, ó sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá òun kọ ọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Ẹmọ́. Ojúkòkòrò ò kúkú ní oògùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó na ara sílẹ̀ lábẹ́ igi iṣin tó wà ní ààlà oko Ẹmọ́, ó ń wá ọgbọ́n tí yóò dá. Agbọ́n kan bà lé e nímú. Ìjàpá figbe bọnu: "Yéè! Yánníbo, mo kú o!" Agbọ́n náà ò ta á. Ó kàn ń rìn kiri lórí imú ọ̀hún bí ẹni ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Kò pẹ́, òmíràn bà lé e lọ́wọ́. Ìjàpá ní há, àwọn agbọ́n ibí yìí mà ya ọ̀dẹ̀ o, ló bá fi ìka tì í. Oró tí ìyẹn fi sí i lára, omi bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò.

Ọ̀kan ò ta, ọ̀kan ta. Bẹ́ẹ̀, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní, ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà. Ẹlòmíràn ì bá ti sá lọ sílé. Ìjàpá ò sá. Ọ̀bàyéjẹ́ ni, mo mọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó síbẹ̀ tó ń wò. Ó rí i pé àwọn kan ń lọ wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń ha igi gbígbẹ, wọ́n ń fi itọ́ pò ó, wọ́n ń fi í mọ ilé. Àwọn wọ̀nyí ló ń ta ni. Àwọn kan sì wà tí kì í gbé ohunkóhun wálé. Orí òdòdó iṣin ni wọ́n ti ń ṣe fàájì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìjàpá wo ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lórí wọn. Ti àwọn òṣìṣẹ́ nà gbọọrọ. Ti àwọn olófàájì ká ní ṣóńṣó bí ìkọ́.

Ló bá kí ọ̀kan nínú àwọn oníwo kíká. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìgbádùn o."

"A dúpẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi ta mí lọ́jọ́sí?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ta ọ́?" Agbọ́n náà yí ìdí sí i. "Wò ó dáadáa. Ṣé o rí abẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀? Àwọn obìnrin wa ló ni oró. Àwa ọkùnrin, jíjẹ àti mímu ni tiwa."

"Ṣé gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ni yóò dúró wò? Bí wọ́n bá ti rí wa fìrí báyìí, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ni."

Inú Ìjàpá dùn dé ìka ẹsẹ̀. Ó sáré lọ sílé, ó bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù sínú kèrègbè, ó gbé e wá sábẹ́ igi. Àwọn olófàájì gbóòórùn dídùn, wọ́n rọ́ wọlé. Ogún pé, ó lé. Ìjàpá fi ewé dí kèrègbè lẹ́nu gbọn-in.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ pàdé ní oríta gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ẹmọ́ ti se ẹ̀bẹ sílẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ wà léjìká. Ìmàdò ní, "Ó yá, oko Ẹmọ́ ló kàn."

"Ẹ dúró ná," ni Ìjàpá wí, ó ń bọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú kèrègbè. "Ti Ẹmọ́ dọjọ́ mìíràn. Àkùrọ̀ mi ló kàn."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí èyí." Ó mi kèrègbè. Inú rẹ̀ dún hùùù. "Ṣé ẹ gbọ́? Agbọ́n igbó ńlá ni, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pupa tó ta ẹfọ̀n pa. Ìránṣẹ́ mi ni wọ́n."

Kí wọ́n tó lè dá a lóhùn, ó ṣí kèrègbè, ó ti ojú bọ ẹnu rẹ̀, ó ń kọrin síbẹ̀, ó sì yọ ojú jáde láìfarapa. Ẹ̀rù ba Ìmàdò. Ìjàpá ní, "Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ olówó wọn?" Ló bá tú mẹ́ta sílẹ̀.

Páìn! Ehoro ti dé orí òkè. Ìmàdò ká ìrù sókè, ó wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún lọ, kò wẹ̀yìn. Àgbà ẹranko! Ọ̀kan nínú àwọn agbọ́n náà bà lé Ẹmọ́ lápá.

Àyà Ẹmọ́ já. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé kò bẹ̀rù. Àmọ́ ó rántí apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta tó wà nílé. Bí òun bá sá báyìí, ta ni yóò dúró ti èbù àwọn ọmọ òun? Kàkà kó sá, ńṣe ló gbé apá sókè, ó wo agbọ́n náà lójú. Ó ti ń roko lábẹ́ agbọ́n láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Kì í ṣe àjèjì wọn. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ti agbọ́n igbó ńlá máa ń pupa bí osùn. Ti èyí dúdú. Ará igi iṣin òun ni! Ó wo ìwo orí rẹ̀, ó rí i pé ó ká. Akọ ni.

"Oko mi ló kàn," ni Ẹmọ́ wí.

"Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ kú?"

"Oko mi ló kàn, Ìjàpá. Ará ilé mi lo lọ kó. Akọ ni wọ́n, wọn ò sì lóró!"

Ìmàdò sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀gún: "Ẹmọ́, ọmọ mi, jọ̀ọ́, bẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kó pa gbogbo wa."

"Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni, Bàbá. Kí ni mo ṣe? Ẹ ò ṣe jáde wá wò ó fúnra yín?"

Ehoro pariwo láti orí òkè: "Ìwọ tí o ò tó àtẹ́lẹwọ́ yìí lo wá mọ akọ agbọ́n yàtọ̀ sí abo?"

Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Ẹni tó sá lọ ló ń bú ẹni tó dúró. Ìmàdò àti Ehoro gbé ọkọ́ wọn, wọ́n tẹ̀lé Ìjàpá lọ sí àkùrọ̀. Ọjọ́ yẹn lọ, ọjọ́ kejì lọ. Ìjàpá jókòó sábẹ́ òjìji, ó gbé kèrègbè sórí itan, ó ń ní kí wọ́n jẹ́ kí ebè ga díẹ̀ sí i. Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ní kó rọra ṣe o, Ìjàpá ní kó lọ wá ọbẹ̀ sè.

Ẹmọ́ ò bá wọn lọ. Ó lọ sí oko ara rẹ̀, òun nìkan, ó ń kọ ebè títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Lọ́jọ́ méjì, ebè mẹ́rìndínlógún péré ni. Nígbà tó délé tó ṣí apẹ̀rẹ̀, èbù méjì ti rọ̀. Ó jókòó, ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú, ó dìde, ó lọ sábẹ́ igi iṣin kí oòrùn tó wọ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ kúulé o."

Ìyá Àgbà, abo agbọ́n tó dá ilé náà sílẹ̀, yọjú. "Ta nìyẹn?"

"Èmi Ẹmọ́ ni, ará ààlà yín."

"Háà, Ẹmọ́ tí kì í dáná sábẹ́ igi wa. Káàbọ̀, ọmọ mi."

"Àwọn ọkùnrin yín ńkọ́, Ìyá Àgbà?"

"A ò rí wọn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀lẹ ni wọ́n." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ tiwa ni."

Ẹmọ́ bá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ariwo ta nínú ilé agbọ́n. Àwọn abo ní kí wọ́n lọ bá Ìjàpá nílé lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra," ni Ẹmọ́ wí. "Bí ẹ bá ta á nílé, yóò ní ibà ló ń ṣe òun, ọ̀la yóò tún jáde. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ kó ti rí i. Àwọn tó wà nínú kèrègbè ti rẹ̀, mo gbọ́ bí ohùn wọn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí Ìjàpá ń gbé wọn kọjá létí oko mi. Yóò wá kó tuntun ní ìdájí ọ̀la. Ṣóńṣó ìwo nìkan ni yóò wò."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ilé fi mì. Lóru ọjọ́ náà, ó ní kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ fa oje igi, kí wọ́n fi ká ṣóńṣó ìwo ara wọn.

Ìdájí tó, Ìjàpá dé lóòótọ́. Ó gbọn kèrègbè, àwọn akọ tó ti rẹ̀ jábọ́ sílẹ̀ bí èèpo ẹ̀wà, wọ́n ń rákò lọ sílé. Ó bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun sí i. Ó ń wo orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń bọ̀. "Ìwo ká, akọ ni. Ìwọ náà, akọ. Wọlé, má tijú." Ó wá fi ìka ti ọ̀kan nídìí. Ìyẹn ti fẹ́ yọ abẹ́rẹ́, Ìyá Àgbà ṣẹ́jú sí i, ó mú sùúrù. Nígbà tí kèrègbè kún, Ìjàpá dí i, ó sì gbé e wò. Ó ní àwọn ti òní mà sanra o.

Nígbà tó dé oríta, ó bá Ẹmọ́ láàárín ọ̀nà. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún tò sẹ́yìn, wọ́n ru èbù. Ìmàdò àti Ehoro dúró lókèèrè, wọ́n ti múra àtisá.

"Yà lọ́nà," ni Ìjàpá wí.

Ẹmọ́ ò yà. Orin ló fi dá a lóhùn. Ẹ máa gbe *Kẹ̀rẹ̀ǹdẹ̀* o, kí ẹnu yín má sùn:

Ọkọ́ mi rèé o,
*Kẹ̀rẹ̀ǹdẹ̀.*
Èbù mi rèé o,
*Kẹ̀rẹ̀ǹdẹ̀.*
Mo kọ tìrẹ, mo kọ tọ̀gá,
*Kẹ̀rẹ̀ǹdẹ̀.*
Mo kọ t'Ehoro, orúnkún mi bó,
*Kẹ̀rẹ̀ǹdẹ̀.*
Ó wá kàn mí, ẹ ní n yà lọ́nà,
*Kẹ̀rẹ̀ǹdẹ̀.*
N ò yà o, n ò yẹ̀ o,
*Kẹ̀rẹ̀ǹdẹ̀.*
Ẹni bá lágbọ́n kó tú u sílẹ̀!
*Kẹ̀rẹ̀ǹdẹ̀.*

"O ò bẹ̀rù?" ni Ìjàpá bi í.

"Mo bẹ̀rù ebi. Ìwọ kọ́ ni mo bẹ̀rù. Tú wọn sílẹ̀!"

Ìjàpá fi ẹ̀rín ẹ̀gàn rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí àwọn ìránṣẹ́ mi." Ó ṣí kèrègbè, ó ti gbogbo orí bọ̀ ọ́, títí dé ọrùn, kí Ìmàdò lè rí i dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ orin.

Orin náà ò dé ìlà kejì.

Wọ́n ta á nímú. Wọ́n ta á létè òkè, wọ́n ta á létè ìsàlẹ̀. Wọ́n ta á ní ìpéǹpéjú. "Yéè! Yéè! Yánníbo o!" Ohùn ń ti inú kèrègbè jáde bí ẹni wà nínú kànga. Ó fẹ́ yọ orí, orí ti wú, kò yọ. Ló bá ń sáré kiri tòun ti kèrègbè lórí. Ó kọlu Ehoro, ó kọlu àpáta, kèrègbè fọ́ yángá. Àwọn abo agbọ́n tú jáde. Ìmàdò ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

"Ẹ dúró!" ni Ẹmọ́ kígbe. "Bàbá Ìmàdò, bí ẹ bá tún sá lónìí, ẹ má pe ara yín lólórí mọ́. Ẹ wò wọ́n!"

Ìtìjú mú Ìmàdò, ó dúró. Àwọn agbọ́n ò ta ẹnikẹ́ni mìíràn. Wọ́n tò sórí ẹ̀rú ọkọ́ Ẹmọ́, wọ́n sinmi. Ìmàdò àti Ehoro sún mọ́ wọn, wọ́n tẹ ojú mọ́ wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wo agbọ́n lójú nìyẹn. Ẹmọ́ fi èyí tó lóró hàn wọ́n. Ó sì fi ọ̀kan nínú àwọn akọ tó rẹ̀, tó ti rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn Ìjàpá wá láti abẹ́ igi, hàn wọ́n pẹ̀lú.

"Báwo lo ṣe mọ̀?" ni Ehoro bi í, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Mo wò ó ni. Ẹ̀yin, ẹ sá."

Ìjàpá ti fa orí rẹ̀ tó wú wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹmọ́ fi ẹ̀rú ọkọ́ kan igbá náà, kó, kó, kó.

"Mo ti kú," ni ohùn kan wí nínú lọ́hùn-ún.

"Òkú kì í fèsì. Bọ́ síta, oko mi ló kàn."

Ó bọ́ síta. Kí ni ì bá ṣe? Pẹ̀lú imú tó tó ìkòkò, ó kọ ebè lọ́jọ́ náà títí ẹ̀yìn tó le gbagidi fi ń dùn ún lóòótọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, èbù Ẹmọ́ ti wà nínú ilẹ̀ tán. Àwọn méjì tó rọ̀ nìkan ló ṣòfò.

Ó wá ku ti àwọn akọ agbọ́n. Ìyá Àgbà pè wọ́n jọ síwájú ilé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló tan àwọn. "Ẹ dákẹ́ ẹnu yín! Wọ́n lo ojú yín láti fi ebi pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnikẹ́ni ò ní fi yín dẹ́rù ba ènìyàn mọ́." Ó ní kí wọ́n gbé ẹfun wá, ó fi kun akọ kọ̀ọ̀kan lójú. Ìdí nìyẹn tí ojú akọ agbọ́n fi funfun títí dòní, tí ti abo fi ṣókùnkùn. Ìdí náà nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ìka kan Ìjàpá báyìí, yóò fa orí wọlé wéré: ó rò pé abo agbọ́n ni.

Ẹ má lọ fọwọ́ di agbọ́n mú lọ́la kí ẹ ní èmi ni mo rán yín o! Wíwò ni mo wí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé sùn ni pé kò sí ohun tí wọ́n lè fi dẹ́rù bà yín tí kò lójú. Kẹ́ ẹ tó sá, kẹ́ ẹ tó yà lọ́nà fún aláìṣẹ̀tọ́, ẹ wo ojú rẹ̀.

Àlọ́ mi ti fò, ó ti balẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kan ṣoṣo sí i, kí ètè mi wú bí ti Ìjàpá, kí n má lè jẹun láàárọ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Ṣé ó wú?

Kò wú!

Òótọ́ ni mo pa nìyẹn.